Ọwọ́ àti Òrí: Ìtàn Ìwọ́ra ní Òkè-Ògùn

Nínú àkọsílẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn òjíṣẹ́ ìjọ tí wọ́n gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àgbo, àgúnmu, gbẹ́rẹ́ àti ońdè ni ó sábà máa ń gba iwájú nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìwòsàn. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣeé rí, wọ́n sì ṣeé kó lọ. Ìwọ́ra kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni, pẹ̀lú ọ̀rá díẹ̀, omi gbígbóná àti ìmọ̀ ibi tí iṣan gbà kọjá lára. Bí iṣẹ́ bá parí, kò sí ohun tí yóò ṣẹ́kù fún àlejò láti yà sínú ìwé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ìwọ́ra ní Òkè-Ògùn ní láti yà sí ibi méjì mìíràn: èdè tí àwọn ènìyàn fi ń pe iṣẹ́ náà, àti òrí tí wọ́n fi ń ṣe é.

Nínú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ẹ̀yà ìwọ́ra wà. Ẹni tí ó fi òrí para kàn fẹ́ kí ara dán, kí ó má sì gbẹ. Ọmọdé pàápàá lè ṣe èyí fún ara rẹ̀. Ẹni tí ó ń ra ojú kan lára, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, títí ibẹ̀ yóò fi gbóná. Wíwọ́ yàtọ̀ sí i: ọwọ́ ń fi agbára lọ ní ọ̀nà kan, ó ń tọ iṣan láti oríkèé dé oríkèé. Títẹ̀ jẹ́ ti àtàǹpàkò, tàbí ti aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná. Nínà àti fífà jẹ́ ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ tuntun, títò sì jẹ́ ti eegun. Ìpín yìí kò kéré sí èyí tí àwọn ará Yúróòpù gbé jáde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Johann Georg Mezger, dókítà ní Amsterdam, pín ìwọ́ra sí fífọwọ́rìn jẹ́jẹ́, pípò, ríra àti lílù. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ìwé. Ní 1894, àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́rin dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin awọ́ra sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti fi gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń bà á lórúkọ jẹ́. Ẹgbẹ́ náà gba ìwé àṣẹ ọba ní 1920, òun ni ó sì di ẹgbẹ́ àwọn onífisiotẹ́rápì Bìrìtìkó lónìí. Ní Ṣakí tàbí Ìṣẹ́yìn, ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ilé, láìgba owó, láìsí ẹni tí ó pè é ní oníṣẹ́.

Òrí ni ó so ìwọ́ra Òkè-Ògùn mọ́ ilẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀. Igi rẹ̀, tí àwọn àgbà ń pè ní ẹmi, tí àwọn onímọ̀ ewéko sì ń pè ní Vitellaria paradoxa, kì í hù nínú igbó kìjikìji. Ọ̀dàn ni ilé rẹ̀, láti Senegal títí dé Uganda. Ibn Battuta, tí ó rìn ní ilẹ̀ Mali ní 1352 sí 1353, ti kọ ọ́ pé wọ́n ń fi òróró èso kan báyìí se oúnjẹ, wọ́n ń fi tan àtùpà, wọ́n sì ń fi pa ara. Mungo Park rí i ní ọ̀nà Segu ní 1796, ó sì yìn ín pé ó lè lo odidi ọdún láìfi iyọ̀ sí i. Ṣakí, Kìṣí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì wà nínú ọ̀dàn yìí kan náà. Bí ènìyàn bá ń lọ sí gúúsù, ọ̀pẹ ń pọ̀ sí i, àdín tí a ń rí láti inú èkùrọ́ sì ń gba ipò òrí lára ọmọ tuntun. Kì í kúkú ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan: àdín jẹ́ èèwọ̀ Èṣù, òrí sì jẹ́ ti Ọbàtálá, nítorí náà ohun tí ilé kan ń bọ lè sọ ọ̀rá tí wọn yóò fi wọ́ ọmọ.

Àwọn obìnrin ni ó ń ṣa èso tí ó já sílẹ̀ nígbà òjò. Wọn a bọ̀ ọ́, wọn a sá a sóòrùn, wọn a pa á, wọn a yan án, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sì fi ọwọ́ pò ó mọ́ omi títí ọ̀rá funfun yóò fi léfòó. Pípò yìí le. Apá tí ó bá mọ́ ọn lára kò ní ṣàárẹ̀ kíákíá lórí ẹ̀yìn ènìyàn. Àǹfààní mìíràn wà lára òrí fúnra rẹ̀: ó máa ń dì nínú igbá, ṣùgbọ́n ìgbóná àtẹ́lẹwọ́ tó láti yọ́ ọ. Kì í tètè gbẹ lára, nítorí náà ọwọ́ lè pẹ́ lójú kan láìbó awọ, ó sì ń dáàbò bo awọ nígbà ọyẹ́, tí ètè àti gìgísẹ̀ máa ń là ní ilẹ̀ náà.

Ibi tí ìwọ́ra ti jinlẹ̀ jù lọ ni ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Ìyá àgbà á jókòó lórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀. Lẹ́yìn kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú, á fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tẹ orí àti oríkèé, á na apá ọmọ, á fà á kọjá láyà, á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ikùn, á wọ́ ẹ̀yìn láti ọrùn dé ìbàdí, á sì máa ki oríkì rẹ̀ bí ó ti ń ṣe é. Òrí ni yóò fi kádìí rẹ̀. Ní 1986, Tiffany Field àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé: àwọn tí wọ́n ń wọ́ lójoojúmọ́ fi ìdá 47 nínú 100 sanra ju àwọn tí wọn kò wọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Lórí ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé, ẹ̀rí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò sì sí ẹ̀rí fún rárá ni jíjù ọmọ sókè àti dídì í ní ọrùn ẹsẹ̀ kí orí rẹ̀ máa fì nílẹ̀. Ọrùn ọmọ tuntun kò tíì le tó láti gba irú rẹ̀.

Abiyamọ náà ń gba tirẹ̀: omi gbígbóná ni wọ́n fi ń tẹ ikùn rẹ̀ kí ilé ọmọ lè padà sípò, kí ẹ̀jẹ̀ tí ó kù sì jáde. Ara a máa fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbóná ní ìwọ̀n. Ní Zaria, ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà fura sí omi gbígbóná gan-an àti ẹ̀kọ oníkáún pé wọ́n ń dá kún àrùn ọkàn lára àwọn abiyamọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwádìí tí ó tẹ̀lé e kò fara mọ́ ọn délẹ̀. Ti aboyún burú ju èyí lọ. Wíwọ́ ikùn pẹ̀lú agbára láti yí ọmọ padà lè já olóbì kúrò lára ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ sì lè pa ìyá àti ọmọ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn.

Lára àgbàlagbà, iṣẹ́ ni ó ń pe ìwọ́ra. Ahunṣọ Ìṣẹ́yìn tí ó jókòó sídìí òfì láti àárọ̀, tí ó tẹ orí ba, tí apá ń ju ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ sì ń tẹ̀, kò ní ṣàì mọ ìrora èjìká àti ìbàdí. Bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ tí ó kọ ebè iṣu. Àkójọ ìwádìí tí Cochrane tẹ̀ jáde ní 2015 gbà pé ìwọ́ra lè dín ìrora ẹ̀yìn kù fún ìgbà díẹ̀, ó sì sọ pé ẹ̀rí náà kò lágbára. Àwọn tí ń wọ́ra pàápàá kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń sọ fún ènìyàn pé kí ó padà wá.

Níbi eegun ni ọ̀rọ̀ ti le. Ẹsẹ̀ tí ó rọ́ ṣeé fi òrí wọ́ nígbà tí wíwú rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ó kán kò ṣeé wọ́, ṣùgbọ́n ojú lásán kì í fi gbogbo ìgbà mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Àwọn tó ń to eegun ní ọwọ́ tó dára, àwọn ènìyàn sì gbà wọ́n gbọ́ ju dókítà lọ. Síbẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà ti kọ nípa ẹsẹ̀ tí ó jẹrà nítorí pé wọ́n di ọ̀pá mọ́ ọn jù tí ẹ̀jẹ̀ kò fi rìn. Ilé ìwòsàn egungun ti Igbóbì ti wà láti 1945, Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní fisiotẹ́rápì ní 1966. Ọ̀nà láti Kìṣí dé Ìbàdàn jìn, owó ọkọ̀ sì wọ́n, nítorí náà atoegun ni aláìsàn ń kọ́kọ́ bá. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ẹsẹ̀ là ní láti bá atoegun náà sọ̀rọ̀, kì í ṣe kí ó fòfin lé e wọ igbó.

Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de kíkó èso òrí tí a kò tíì fọ́ jáde lọ sílẹ̀ òkèèrè fún oṣù mẹ́fà, kí èrè rẹ̀ lè dúró nílé. Ní Òkè-Ògùn, àwọn adáná èédú náà ti mọ igi ẹmi, nítorí èédú rẹ̀ le, ó sì ń jó pẹ́. Igi yìí ń lo bí ọdún 15 sí 20 kí ó tó so, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn tó gbìn ín. Àgbẹ̀ tí ó bá ń ṣán oko ni ó máa ń dá a sí. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó ń lò nínú iná kí wọ́n tó dì í sínú àpò, kí ọkọ̀ sì gbé e lọ.