Ásíìdì Kane àti Àbàwọ́n Colorado

Lọ́dún 1901 ni Frederick McKay, oníṣègùn eyín, dé Colorado Springs ní Amẹ́ríkà, tó bá ọ̀pọ̀ ọmọ bíbí ìlú náà tí eyín iwájú wọn ní àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè fọ̀ kúrò. Kòkòrò kì í sì í sábà jẹ irú eyín bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1931, H. V. Churchill, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé-iṣẹ́ ALCOA, fi hàn pé fluoride tó pọ̀ lápọ̀jù nínú omi mímu ló ń fà á; ibẹ̀ ni wọ́n gbà dé orí fífi ìwọ̀nba fluoride sómi ìlú Grand Rapids ní 1945. Àwọn tí eyín tiwọn ti lábàwọ́n ńkọ́? Àwọn ìwé ìtàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni ìtọ́jú tí wọ́n ń polówó lónìí bí ohun tuntun, èyí tí kì í gbẹ́ eyín, ti ṣẹ̀ wá.

Ní Colorado Springs kan náà, lọ́dún 1916, oníṣègùn eyín Walter Kane fi ásíìdì hydrochloric àti ooru bó àbàwọ́n yìí. Ó di 1986 kí àwọn oníṣègùn eyín Croll àti Cavanaugh tó po ásíìdì náà, ìdá 18 nínú 100, mọ́ ìyẹ̀fun òkúta pumice, tí wọ́n fi ń ra ojú eyín díẹ̀díẹ̀. Àsìkò yẹn náà ni pẹlẹbẹ tánganran tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú eyín ń gba ìgboro. Ẹnìkan lè ní ásíìdì kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré lẹ́nu. Òótọ́ ni, ó lè bó èrìgì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi rọ́bà bò ó. Ṣùgbọ́n fífá tí wọ́n ń fá eyín fún tánganran sábà ń tó ìdajì mìlímítà, ohun tí a bá sì fá kúrò lójú eyín kì í hù padà.

Àtakò tó le jù sí ohun tí mo sọ ni pé ọ̀nà tó jáde ní Jámánì ní 2009, èyí tí wọ́n fi ń mú resin (oje oníke) wọ inú eyín tó ní àbàwọ́n funfun, kò bá ti Kane tan: Kane ń bó, àwọn ará Jámánì ń dí. Mi ò gbà. Ásíìdì kan náà, ìdá 15 nínú 100, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣílẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á kán ethanol sójú àbàwọ́n funfun náà: bó bá pòórá lójú ẹsẹ̀, ó ti ṣetán láti mu resin. Àwọn ihò wínníwínní inú eyín ló ń tú ìmọ́lẹ̀ ká tí ibẹ̀ fi ń funfun. Bí resin bá ti kún wọn, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá, bíi bébà tí epo kán sí. Àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀, irú ti Colorado, kì í sábà gbọ́ ti resin nìkan. Dókítà á kọ́kọ́ fi ásíìdì àti pumice ha á, tàbí kó fi oògùn sọ ọ́ di funfun, kó tó da resin lé e.