Ọdún Umalẹ̀ àti Ọdún Ìgbàgbọ́ ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn baba wa ní fún oṣù méjìlá tí ó pé àti fún àjọyọ̀ tí à ń ṣe nígbà tí ó bá pé: ọdún ni wọ́n ń pe méjèèjì. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé àjọyọ̀ òrìṣà ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọdún ti yípo. Nígbà tí àwọn òjíṣẹ́ Ìgbàgbọ́ dé ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì ń wá orúkọ fún ìrántí ìbí Olúwa àti ti àjíǹde rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n mú lò. Ọdún Kérésìmesì, ọdún Àjíǹde: bí olórìṣà ti ń ṣọdún, bẹ́ẹ̀ ni onígbàgbọ́ ń ṣọdún.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí ṣíwájú nítorí àríyànjiyàn kan tí kì í tán nínú ìjọ, ìyẹn ni pé bóyá ó tọ́ kí onígbàgbọ́ ṣe ọdún tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ìbọ̀rìṣà. Àwọn kan kì í fẹnu kan ẹran ọdún ìbílẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ kọ Kérésìmesì fúnra rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní ọdún òòrùn àwọn ará Róòmù ni. Ní ojú tèmi, àwọn ènìyàn etí omi Ìlàjẹ, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ti fi ara wọn dán ọ̀rọ̀ yìí wò ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi ẹnu jiyàn rẹ̀ lọ.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ìbéèrè náà ti pẹ́ láyé. Ìwé kan tí wọ́n ṣe ní Róòmù ní ọdún 354 ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí ó dájú pé wọ́n ń ka ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ ìbí Jésù. Inú ìwé yìí kan náà ni a ti kà á pé ọjọ́ ìbí Ẹni Àìlèṣẹ́gun ni, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé òòrùn ni. Èwo ni ó ṣáájú nínú méjèèjì, wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ní ọdún 601, Póòpù Gregory kọ̀wé sí Mellitus, tí ó ń lọ wàásù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kí wọ́n má ṣe wó ilé òrìṣà ibẹ̀, ère inú rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n bàjẹ́, kí wọ́n sì sọ ilé náà di ilé Ọlọ́run; màlúù tí àwọn ènìyàn ń pa fún òrìṣà, kí wọ́n máa pa á jẹ ní ọjọ́ ọdún àwọn ajẹ́rìíkú, kí wọ́n sì fi yin Ọlọ́run. Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé, ìran àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà yí ohùn padà: ní 1647 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fòfin de Kérésìmesì, ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, láti 1659 títí di 1681, ṣílè márùn-ún ni owó ìtanràn ẹni tí ó bá ṣe é. Àwọn tí wọ́n gbé ẹ̀sìn náà wá fún wa kò tíì fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọdún tí wọ́n kọ́ wa.

Nísinsìnyí kí a sọ̀kalẹ̀ sí Ìlàjẹ. Níbẹ̀, òkun wà níwájú, ọ̀sà àti irà wà lẹ́yìn. Ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ wọn, ẹja ni oko wọn, orí igi tí wọ́n rì mọ́ inú ẹrẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé dúró sí. Umalẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹbọra ní ẹ̀ka èdè wọn, ọ̀rọ̀ tí ó jọ imọlẹ̀ tí àwa ará òkè ń pè. Málòkun ni ó ni òkun, aṣọ funfun sì ni tirẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ lè dojú dé lọ́la kì í fi ọ̀rọ̀ òkun ṣeré. Nítorí náà ọdún umalẹ̀ kì í ṣe ìlù àti ijó lásán, ààbò ìlú ni wọ́n kà á sí. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti dá sí i, lójú àwọn ará ilé rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀mí tirẹ̀ nìkan ni ó fi wewu bí kò ṣe ti gbogbo ọlọ́kọ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti le, tí ìwàásù àwọn ará òkè kì í sìí kà á sí.

Ayélála pẹ̀lú wà níbẹ̀, òrìṣà ìbúra tí Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ń bẹ̀rù. J. Ọmọṣadé Awólàlú kọ ìtàn rẹ̀ ní 1968: ẹrúbìnrin kan ni wọ́n fi rúbọ láti parí ìjà àárín àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ijaw, láti inú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn obìnrin náà ni orúkọ òrìṣà sì ti jáde. Orí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni àlàáfíà náà dúró lé.

Irú ayé báyìí ni àwọn Aládùúrà wọ̀. Ní Èkó ni Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀ ní 1925, lọ́wọ́ Mósè Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n. Ọjọ́ ọdún ni ó sì bẹ̀rẹ̀: níbi tí ọmọbìnrin náà ti ń wo ìwọ́de ọdún Ara Kírísítì ti ìjọ Kátólíìkì ni ó ti rí ìran, tí ó wọ inú ojúran fún ọjọ́ púpọ̀, tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Orímọládé láti wá gbàdúrà fún un. Ẹgbẹ́ wọn kọjú ìjà sí òrìṣà àti oògùn, ó sì tàn kíákíá dé etí omi. Ní Ìlàjẹ, àwọn kan nínú wọn, tí a wá mọ̀ sí Àpọ́sítélì Mímọ́, tako pípa ìbejì àti ẹbọ tí àwọn àgbà ìlú ń rú. Inúnibíni dìde sí wọn. Ní oṣù Kìíní 1947 wọ́n kó jáde lọ sí bèbè òkun gan-an, wọ́n sì tẹ Ayétòrò dó lórí ẹrẹ̀. Wọ́n fi gbogbo ohun ìní wọn ṣe ti gbogbogbòò. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n la ipa omi, wọ́n tan iná mànàmáná, títí àwọn àlejò fi ń wá wo ìlú náà láti ọ̀nà jíjìn. Ní 1968 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà kí olúkúlùkù máa ṣòwò tirẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ònkàwé ṣàkíyèsí ni pé àwọn ènìyàn yìí, tí wọ́n fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀ nítorí ẹbọ, kò wádìí gbòǹgbò ohun gbogbo. Bí wọ́n bá wádìí rẹ̀, ibo ni wọn ì bá dúró? Aṣọ funfun ni Kérúbù àti Séráfù ń wọ̀ bí olùsìn Málòkun. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń wọ ilé àdúrà. Wọ́n a máa lọ gbàdúrà létí omi, wọ́n a sì máa fi omi ṣe ìwòsàn. Ìwé Ìfihàn ni wọn yóò tọ́ka sí bí o bá bi wọ́n léèrè aṣọ náà, àlejò tí ó bá sì dúró lókèèrè lè má mọ ìyàtọ̀. Àdúrà tí wọ́n fi ń jẹ́ Aládùúrà, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni Yorùbá ti gbà á. Ọ̀sẹ̀ tí a fi ń ka ọjọ́ ìsìn, ọjọ́ ìbọ òrìṣà ni tẹ́lẹ̀. Janus, òrìṣà ẹnu ọ̀nà àwọn ará Róòmù, ni ó sì ni oṣù tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó, oṣù tí wọ́n fi ń ṣe ọdún ìrántí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní ọdún tiwọn: àwọn tí wọ́n sá fún ọdún kan dá òmíràn sílẹ̀, ọba tiwọn pẹ̀lú, tí wọ́n ń pè ní Ogeloyinbo.

Àwọn mìíràn lè pe èyí ní àìmọ̀kan. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọdún ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn lónìí ni wọ́n wò: ṣé ó ń gba ẹ̀mí ọmọ, ṣé ó ń gba ìbúra, ṣé ó ń fi ipá mú ẹni tí kò fẹ́? Èyí súnmọ́ ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì nípa ẹran tí wọ́n ń tà lọ́jà, pé kí wọ́n jẹ ẹ́ láìbéèrè, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá wí fún wọn pé ẹran ẹbọ ni, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Nípa ìwọ̀n yìí, pípa ìbejì kò ní àforíjì, ṣùgbọ́n aṣọ funfun kò ní ẹ̀ṣẹ̀.

Ọdún Ìkórè pàápàá kọ́ wa bí ọ̀rọ̀ gbòǹgbò ti ṣòro tó. Àwọn kan sọ pé ọdún ìjẹṣu ni ìjọ fi aṣọ wọ̀. Lóòótọ́, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, R. S. Hawker ti Morwenstow, ni ó dá irú ìsìn ìkórè tí ìjọ ń ṣe lónìí sílẹ̀ ní 1843. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ìbá ti dùn mọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ bí a kò bá ti mọ adùn ìjẹṣu tẹ́lẹ̀. Gbòǹgbò méjì lè bọ́ igi kan.

Ní ọdún 2023, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ fi ọjọ́ ìsinmi fún ọdún Ìṣẹ̀ṣe tí à ń ṣe ní 20 oṣù Kẹjọ, àríyànjiyàn náà sì tún sọ nínú ìjọ. Bóyá kí ọmọ onígbàgbọ́ jókòó sílé ní ọjọ́ náà kì í ṣe ìbéèrè tí ó le. Èyí tí ó le ni ti ẹni tí wọ́n bá ní kí ó dá owó ẹbọ, tàbí tí wọ́n bá sé e mọ́lé nítorí orò. Irú rẹ̀ ni ó lé àwọn Àpọ́sítélì dé bèbè òkun.

Òkun náà ti ń jẹ Ayétòrò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Ó ti gbé ilé púpọ̀ lọ, àwọn ará ibẹ̀ sì ń sún sẹ́yìn, wọ́n ń tún ilé kọ́, wọ́n ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá mọ odi dí omi.