Àkọ̀ Ni Ilé Agbára: Ìtàn Awọ Tí Ń Gbé Ìbọn Ẹlẹ́tù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ohun tí ó bá ní agbára ni à ń ṣe ilé fún. Ẹdùn àrá ń gbé inú làbà Ṣàngó tí a fi awọ pupa ṣe. Ikin àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ ń gbé inú àpò Ifá. Idà ń gbé inú àkọ̀. Irin Ògún sì ti kárí ayé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn àkọ̀ kan wò lọ́dún yìí, láti Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn kan nínú àlejò ọdún wa ti ń wá: àkọ̀ ìbọn ìléwọ́ tí ń jẹ ẹ̀tù dúdú.

Ní ọdún 1836 ni Samuel Colt gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ìbọn ìléwọ́ tí àgbá rẹ̀ ń yí. Èyí tí ó jáde ní 1851, tí wọ́n ń pè ní Navy, àti èyí tí ó jáde ní 1860, tí wọ́n ń pè ní Army, ní ihò mẹ́fà nínú àgbá wọn. Ẹni tí ó ni ín yóò da ẹ̀tù sínú ihò kọ̀ọ̀kan, yóò fi ọta òjé lé e, yóò sì kì í mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi fìlà bàbà kékeré, tí ń ṣáná bí òòlù ìbọn bá lù ú, dé ẹ̀yìn ihò náà. Ọdẹ ilẹ̀ wa tí ń ki ṣakabùlà mọ ewu ibẹ̀ dájú: bí omi bá kan ẹ̀tù, ìbọn di igi lásán, bí fìlà bá jábọ́, ihò náà yadi.

Ewu méjèèjì yìí ni ó darí ọwọ́ àwọn tí ń rán awọ. Fún àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin, nígbà ogun abẹ́lé ọdún 1861 sí 1865, wọ́n rán àkọ̀ tí ó ní ìdérí gbòòrò, tí a ń fi kókó idẹ há. Òjò kò lè wọlé. Bí ẹṣin tilẹ̀ ń sáré, ìbọn kò lè já bọ́. Ìbàdí ọ̀tún ni àkọ̀ náà ń gbé, ìdí ìbọn á sì kọjú síwájú. Àpò kékeré mìíràn wà lára ìgbànú fún àwọn fìlà, tí wọ́n fi awọ àgùntàn onírun sí nínú kí wọ́n má baà dà nù. Àwọn ará ìlú tí góòlù kó jọ sí Kalifọ́níà láti 1848 yan ọ̀nà mìíràn. Wọn kò fẹ́ ìdérí, nítorí pé ẹni tí ń tú ìdérí lè pẹ́ jù. Àkọ̀ tiwọn rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ̀ mọ́ ara ìbọn. Nígbà tí Colt gbé ìbọn ti 1873 jáde, tí ẹ̀tù àti ọta jọ wà nínú ìkarahun idẹ kan, ẹ̀rù omi dínkù gan-an.

Àwọn kan ṣì ń rán irú àkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Awọ tí a fi èèpo igi ṣe ni wọ́n ń yàn. Èyí tí a fi kròmíọ́mù ṣe lè mú kí irin dípẹtà, kì í sì í gba ìrísí. Ìbọn gan-an ni wọ́n fi ń wọn awọ, nítorí pé ọ̀pá Navy gùn ní íǹṣì 7½, ti Army sì gùn ní íǹṣì 8. Wọ́n á rẹ awọ náà sómi, wọ́n á ki ìbọn òfìfo tí a fi ọ̀rá wé bọ̀ ọ́, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, wọ́n á sì sá a síbi ìbòòji. Awọ gbọ́dọ̀ bo ibi tí ìka ti ń fa ìbọn. Kí ìbọn tó padà sílé rẹ̀, a gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, nítorí pé iyọ̀ inú èérí ẹ̀tù ń fa omi, omi náà á sì jẹ irin. Fún gbígbé rìn sì ni àkọ̀ wà: awọ ń mu omi, ìbọn tí ó bá pẹ́ nínú rẹ̀ yóò dípẹtà.

Ní tiwa, èjìká ni ṣakabùlà ń gbé, nítorí náà ẹ̀tù ni àwọn ọdẹ ṣe ilé fún: àdó ẹ̀tù nínú àpò ọdẹ. Òfin Nàìjíríà ka ìbọn ìléwọ́ sí èèwọ̀ fún ará ìlú tí kò gba àṣẹ. Ọgbọ́n awọ ni ẹ̀kọ́ tí a ń wá níhìn-ín. Ọgbọ́n náà kò sì ṣàjèjì sí wa. Èso igi tí àwọn Haúsá ń pè ní bàgàrúwá ni wọ́n fi ń ṣe awọ ewúrẹ́ láti ìgbà pípẹ́, àwọn oníṣọ̀nà awọ Ọ̀yọ́ sì ń rán awọ di làbà, ìrọ̀rí àti àpò.

Àwọn ará ibòmíràn ń náwó, wọ́n ń lo àkókò, kí àkọ̀ ìbọn tí ogun ti fi sílẹ̀ tipẹ́ má baà parun. Ṣé àwa tí òrìṣà wa ṣì ń gbé inú awọ ni yóò wá máa fi ọ̀rá ọjà gbé ikin? Bí a kò bá fún oníṣọ̀nà níṣẹ́, ọmọ rẹ̀ kò ní kọ́ ọ. Ẹ̀yin awo, ẹ̀yin àlejò, ẹ bẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn kí ọdún tó ń bọ̀ tó pé. Ògún kò ní fi ẹ̀jẹ̀ wa wẹ̀. Agbára wa kò ní wó ilé ara rẹ̀. Àbọrú, àbọyè.