Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta fún Òfin Ìlera

Láyé ìjọba amúnisìn, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó a máa ti agboolé dé agboolé. Á yẹ àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú omi, á wo ṣáláńgá àti àkìtàn. Aráàlú pè é ní wolé-wolé, títí dòní kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń rú lójú, ìbáà ṣe l'Ékòó tàbí l'Áyédé-Èkìtì. Iṣẹ́ tí ojú rí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀nà yìí ló yẹ kí àwa tí à ń túmọ̀ òfin ìlera lónìí máa tọ̀.

Ibi tó ti le jù ni ọ̀rọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje 2014, wọ́n gbé àwọn tó kó àrùn lọ sí ibi ìtọ́jú tó dá wà, wọ́n sì fi ọjọ́ 21 ṣọ́ àwọn tó fara kàn wọ́n. Ara àwọn ẹni kejì yìí le, àmì àrùn ni wọ́n ń retí bóyá yóò yọ. Bí a bá ní a "yà wọ́n sọ́tọ̀" bíi ti aláìsàn, àdúgbò á ti kà wọ́n mọ́ aláìsàn, ẹ̀rù á sì ba ẹlòmíràn láti jáde wá sọ òótọ́. Mo dábàá pé kí ìyàsọ́tọ̀ jẹ́ ti aláìsàn, kí ìdúrówòye jẹ́ ti ẹni tí a ń ṣọ́. Ní ti ìlú tí ìjọba sé pátá bíi ti ọdún 2020 nígbà àrùn COVID-19, konílé-ó-gbélé ti wà nílẹ̀. Kí a ṣáà fi "tọ̀sán-tòru" kún un, kí ó má baà dà pọ̀ mọ́ ti alẹ́ nìkan.

Irú ìdàpọ̀ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tún wà nínú iṣẹ́ NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀. Òfin ni ìjọba fi gbé àjọ náà dìde. Èyí tí àjọ náà là sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe omi inú ọ̀rá, ìlànà ọ̀ranyàn ni. Lílọ tí wọ́n ń lọ yẹ ilé iṣẹ́ rẹ̀ wò, àmójútó ni. Bí a bá pe gbogbo rẹ̀ ní òfin, tàbí tí a pe ọ̀ranyàn ní ìmọ̀ràn, ọlọ́jà ò ní mọ èyí tó lè ti ìsọ̀ rẹ̀ pa.

Nítorí náà, kí ilé iṣẹ́ ìlera tó tẹ ọ̀rọ̀ tuntun jáde, kí wọ́n kọ́kọ́ kà á fún olóúnjẹ l'ọ́jà Ayédé. Kí wọ́n bi í pé: kí ni wọ́n ní kí o ṣe? Ta ni yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí o kò bá ṣe é? Bí kò bá lè dáhùn, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà ṣe kí àrùn mìíràn tó dé.