Ẹ Má Fojú Kéré Eegun: Ìtàn Omi Ẹran Nínú Ìsìláàmù



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó ń bọ́ gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè ọmọ kéwú kan ló bí ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí. Lẹ́yìn Iléyá kan ló bi mí pé, "Ùsítáàsì, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn fún aládùúgbò ní eegun?" Mo ní kí ló dé. Ó ní ìyá òun bu ẹsẹ̀ àgùntàn àti eegun ẹ̀yìn sínú àwo pé kí òun gbé e lọ fún opó tó ń gbé lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n òun dá òun padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ìtìjú ni, wọ́n á ní ahun ni àwọn. Ẹran gidi sì ti tán, àwọn àlejò ti jẹ ẹ́. Bí eegun náà ṣe di ti ajá nìyẹn, tí opó náà ò rí nǹkan kan gbà láti ilé wọn.

Mi ò fẹ́ fi gbólóhùn kan dá ọmọ náà lóhùn, nítorí ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Mẹ́kà, kí wọ́n tó bí Ànábì.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ìdílé Hashim ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti jáde. Hashim ló bí Abdul-Muttalib, Abdul-Muttalib ló bí Abdullah, tó jẹ́ bàbá Ànábì. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbàgbé pé Hashim kì í ṣe orúkọ àbísọ bàbá yìí. Amru ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn onítàn wa sọ pé ní ọdún kan, ìyàn mú gan-an ní Mẹ́kà. Amru bá lọ sí ilẹ̀ Shaam, ó kó oúnjẹ ru ràkúnmí wálé. Nígbà tó dé, ó pa ràkúnmí, ó sè é, ó rún búrẹ́dì sínú omi ẹran náà, ó sì pe ará ìlú wá jẹ àjẹyó. Ọ̀rọ̀ tí Lárúbáwá ń lò fún kí èèyàn rún nǹkan wẹ́wẹ́ ni hashama. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Hashim. Ìdílé tó lọ́lá jù lọ láàárín àwọn Kùráìṣì gba orúkọ rẹ̀ nídìí ìkòkò omi ẹran tí wọ́n fi bọ́ àwọn tí ebi ń pa.

Búrẹ́dì tí wọ́n rún sínú omi ẹran yìí ni wọ́n ń pè ní tharid. Ànábì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé nígbà tó fẹ́ sọ ọlá tí Aishah (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ní lórí àwọn obìnrin yòókù, ọlá tí tharid ní lórí àwọn oúnjẹ yòókù ló fi wé e. Anas ọmọ Malik sọ pé aránṣọ kan pe Ànábì wá jẹun, òun náà sì bá wọn lọ. Búrẹ́dì ọkà bálì, omi ẹran tí wọ́n fi elégédé sí àti ẹran gbígbẹ ni ó gbé kalẹ̀. Anas rí Ànábì tó ń ṣa elégédé inú àwo náà jẹ. Láti ọjọ́ náà ni Anas fúnra rẹ̀ ti fẹ́ràn elégédé.

Ẹ wá wo bí omi ẹran ṣe di ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ aládùúgbò. Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, Ànábì sọ fún Abu Dharr pé tó bá ń se ọbẹ̀ ẹran, kó fi omi kún un, kó sì fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò ní kó lọ ra ẹran kún un. Omi ló ní kó fi kún un. Ẹni tí kò ní owó ẹran kún ẹran kò ní wí àwíjàre mọ́.

Hádíìsì kejì ni ìdáhùn gan-an fún ẹ̀gbọ́n ọmọ kéwú mi. Ànábì pe àwọn obìnrin Mùsùlùmí, ó ní kí aládùúgbò kankan má fojú kéré ohun tó fẹ́ fún aládùúgbò rẹ̀, kódà kó jẹ́ pátákò àgùntàn. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. Àwọn onímímọ̀ ṣàlàyé pé eegun tí ẹran ara rẹ̀ kò tó nǹkan ló ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó ń fúnni, kó má tijú. Ó sì kan ẹni tó ń gbà, kó má yínmú. Ànábì fúnra rẹ̀ sọ pé bí wọ́n bá pe òun síbi ẹsẹ̀ ẹran lásán, òun á jẹ́ ìpè náà.

Nílé Ànábì ńkọ́? Wọ́n bi Aishah léèrè nípa bí Ànábì ṣe kọ̀ kí wọ́n tọ́jú ẹran Iléyá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ó ní ọdún tí ebi ń pa àwọn èèyàn nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀, kí olówó lè bọ́ tálákà. Ó ní àwọn máa ń gbé ẹsẹ̀ ẹran pa mọ́, àwọn á sì jẹ ẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 15. Wọ́n ní kí ló fà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ará ilé Muhammad kò jẹ búrẹ́dì àlìkámà pẹ̀lú ọbẹ̀ yó fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra títí Ànábì fi padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ohun tí àwa ń jù fún ajá, ìyá àwọn onígbàgbọ́ ló ń tọ́jú rẹ̀.

Ní ọdún 10 lẹ́yìn hijira, nígbà Hájì ìdágbére, 100 ràkúnmí ni wọ́n pa. Ànábì fọwọ́ ara rẹ̀ pa 63, Ali pa ìyókù. Jabir sọ pé ó ní kí wọ́n gé díẹ̀ lára ràkúnmí kọ̀ọ̀kan, wọ́n sè é sínú ìkòkò kan, òun àti Ali jẹ nínú ẹran náà, wọ́n sì mu nínú omi rẹ̀. Nínú 100 ẹran, ó mú lára gbogbo wọn láìjẹ èyí tó pọ̀, àwọn èèyàn sì gba ìyókù.

Àwọn Mùsùlùmí tó dé lẹ́yìn kò jẹ́ kí iná yìí kú. Ní ọdún 1552, Hürrem, ìyàwó Sultan Suleiman ti ìjọba Ottoman, dá ilé ìdáná sílẹ̀ ní ìlú Jerúsálẹ́mù. Ó fi àwọn ilẹ̀ àti abúlé ṣe wákàfù fún un, kí owó tó ń ti ibẹ̀ wá lè máa ra oúnjẹ fún àwọn aláìní. Ọbẹ̀ olómi àti búrẹ́dì ni wọ́n ń pín. Èyí ti lé ní 400 ọdún, wọ́n ṣì ń pín oúnjẹ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí a ṣe ń sè é nìyí. Ẹ wá eegun bíi kílò méjì: ẹsẹ̀, oríkèé, ọrùn, eegun ẹ̀yìn. Ẹ wi ẹsẹ̀ lórí iná, ẹ fi ọ̀bẹ ha irun rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ rọ lítà mẹ́rin omi tútù sí i pẹ̀lú ṣíbí fínígà méjì. Fínígà yìí náà, Ànábì yìn ín gẹ́gẹ́ bí ọbẹ̀ nígbà tí kò sí òmíràn nílé. Nígbà tó bá hó, ẹ bu ìhó òkè rẹ̀ dànù, kí ẹ dín iná kù gan-an. Ẹ fi àlùbọ́sà, aáyù àti atalẹ̀ sí i. Eegun màlúù á gbà tó wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, ti adìyẹ á gbà tó mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ fi iyọ̀ sí i níkẹyìn, kí ẹ sì sẹ́ ẹ.

Tó bá tutù tó sì dì bí ẹ̀kọ rírọ̀, ó ti jinná dáadáa nìyẹn. Ohun tó so oríkèé pọ̀ ló yọ́ sínú omi. Mùdùnmúdùn náà á ti bọ́ sínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di oògùn gbogbo-àìsàn. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹyin ṣì ní ààyè wọn. Ẹ má jẹ́ kó sùn síta. Nínú fíríìjì, ẹ lò ó tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ fi se ìrẹsì, ẹ fi se ẹ̀fọ́, tàbí kí ẹ rún búrẹ́dì sí i bíi ti Hashim.

Mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ kéwú mi, mo sì ní kó sọ ọ́ nílé. Iléyá tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àwo lọ fún opó náà. Omi ẹran gbígbóná ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ àgùntàn méjì. Ó ní màmá náà gbàdúrà fún òun títí òun fi dé ẹnu ọ̀nà.

Kí ẹ tó da eegun nù lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé yín. Ta ni kò dáná níbẹ̀? Ẹ fi omi kún ọbẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ìkòkò wa, kí Ó má sì jẹ́ ká yó nígbà tí ebi ń pa aládùúgbò wa. Aamiin.