Àjàyí Crowther àti Iṣẹ́ tí Kò Yàn

Àwọn ènìyàn a máa sọ ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther bí ẹni pé láti ilé ìyá rẹ̀ ní Òṣogùn ni ọ̀nà ti là tààrà dé orí àga bíṣọ́ọ̀bù. Àwa kò lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a rí ni ọkùnrin kan tí a ń gbé láti inú iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, tí kò sì mọ èyí tí í ṣe tirẹ̀ títí ó fi kọjá ọgbọ̀n ọdún.

Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣogùn. Ní Ìsẹ́yìn a fi ọmọ náà ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ó ṣe, ẹṣin kò wu ẹni tí ó gbà á, a sì dá ọmọ padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀ àwọn Àgùdà, wọ́n sì gbé e lọ sí Ṣàró.

Ní Ṣàró ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó sì ṣe ìrìbọmi ní 1825. Ní 1827 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay, òun sì ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́, ó fẹ́ Susan, wọ́n sì bímọ. Bí ó bá ṣe pé ó kú ní 1840, olùkọ́ rere ni à bá máa pè é, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1841 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ gòkè Odò Ọya. Ẹgbẹ́ C.M.S. fi J. F. Schön àti Àjàyí kún wọn. Ibà pa àwọn òyìnbó tí ó lé ní ogójì, ìrìn àjò náà sì di òfo. Ṣùgbọ́n Schön rí i pé àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfríkà fúnra wọn ni yóò lè ṣe iṣẹ́ náà, ó sì kọ̀wé sí Ẹgbẹ́ pé kí a fi Àjàyí joyè àlùfáà. Nínú òfo yẹn ni ìpè rẹ̀ ti jáde. Ní 1843 ni a fi í joyè ní Lọ́ńdọ́nù, ọdún náà gan-an ni a sì tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ.

Nígbà tí ó wàásù ní èdè Yorùbá ní Freetown ní oṣù kìíní ọdún 1844, òun tìkára rẹ̀ jẹ́wọ́ pé bí ọmọ ọwọ́ tí ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀ ni òun rí. Ó yẹ kí àwa tí a ń fi èdè yìí wàásù lónìí rántí èyí. Kì í ṣe pé ó gbàgbé èdè náà. Kò sí ẹni tí ó ti fi í ṣe ìsìn bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀, òun ni ó ní láti wá ọ̀rọ̀ tí yóò gbé e. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún rí Àfàlà ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ìpè náà kò mú un jókòó sí ilé. Ní 1864 a yà á sí mímọ́ ní bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kan ní Abẹ́òkúta kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú ṣe olórí wọn, Odò Ọya ni a sì fi fún un, láàárín àwọn ẹ̀yà tí èdè wọn kì í ṣe tirẹ̀. Síbẹ̀ kò fi ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá sílẹ̀, iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlòmíràn jọ ṣe títí ó fi parí ní 1884.