Òdodo: Ẹnu Nìkan Kò Tó

Bí àgbà bá ń parí ìjà, tó fẹ́ kí ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn yé fọ̀rọ̀ pamọ́, ohun tó máa ń wí ni pé, "Sọ òdodo." Lẹ́nu àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ sísọ ni òdodo kọ́kọ́ jẹ mọ́: ọ̀rọ̀ tí kò lábùlà, tí kò ní màgòmágó nínú. Bíbélì gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ wa, ó sì gbé e jìnnà ju ẹnu lọ. Ó yẹ kí onígbàgbọ́ mọ ibi tó gbé e dé.

Lédè Hébérù, tsedeq ni. Òfin Mósè lo ọ̀rọ̀ yìí fún òṣùwọ̀n ọjà. Nínú Léfítíkù orí 19, òun ló bá ìwọ̀n rìn, òun ló bá òkúta tí wọ́n fi ń wọn nǹkan rìn, títí kan eefa tí wọ́n fi ń wọn ọkà àti hínì tí wọ́n fi ń wọn òróró. Ẹni tó bá ti ra gàrí lọ́wọ́ ẹni tó lu ìdí kóńgò wọnú ni ọ̀rọ̀ yìí máa tètè yé. Gàrí á ga téńté lókè, á dùn ún wò, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti rẹ́ni jẹ. Ọwọ́ ló lu kóńgò náà, ṣùgbọ́n inú ló ti kọ́kọ́ gbèrò rẹ̀.

Lédè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, dikaiosyne ni, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ mọ́ ẹjọ́ àti ìdájọ́. Yorùbá ní ohun tó bá èyí mu. Ẹni tó jàre, àre ló jẹ. Ẹni tó jẹ̀bi, ẹ̀bi ló jẹ. Ẹni tí a dá láre, ẹlòmíràn ló fún un ní àre. Kì í ṣe òun ló dá ẹjọ́ ara rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ṣàlàyé èyí yékéyéké nínú Ìwé Róòmù, tí Samuel Ajayi Crowther tẹ̀ jáde lédè wa ní 1850. Ó ní Ábúráhámù gba Ọlọ́run gbọ́, a sì ka ìgbàgbọ́ yẹn sí òdodo fún un kó tó kọlà rárá. Ọkàn ló ṣíwájú, àmì ara ló tẹ̀ lé e.

Jésù wá fi ọ̀rọ̀ náà hàn gbangba nínú Lúùkù orí 18. Farisí kan àti agbowó òde kan lọ gbàdúrà. Farisí ka iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀: ààwẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìdámẹ́wàá gbogbo ohun tó ń wọlé fún un. Jésù kò sọ pé ó parọ́. Ẹnu rẹ̀ lè ti sọ òdodo, síbẹ̀ kò gba àre lọ sílé. Agbowó òde kò lè gbójú sókè. Ó ń lu àyà rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Àyà tó ń lù yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Òun ni Ọlọ́run dá láre.

Àwọn kan ti sọ ọ̀rọ̀ ọkàn yìí di ibi ìsádi. Bí a bá bá wọn wí, wọ́n á ní, "Ọlọ́run mọ ọkàn mi." Òótọ́ ni, Ó mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ̀rù bà wọ́n. Ẹ wo Sákéù, agbowó òde mìíràn, nínú Lúùkù orí 19. Nígbà tí Jésù wọ ilé rẹ̀, kò fi ìyípadà rẹ̀ pamọ́ sínú. Ó ní ìdajì ohun ìní òun di ti tálákà, ẹnikẹ́ni tí òun bá sì rẹ́ jẹ, ìlọ́po mẹ́rin lòun máa san padà. Òdodo tó bá dé ọkàn kò ní ṣàìdé ọwọ́.

Ẹ̀yin ará, ká tó ka ààwẹ̀ àti ìdáwó wa, ẹ jẹ́ ká yẹ inú wa wò. Bí a bá bá màgòmágó níbẹ̀, ká má bò ó mọ́lẹ̀. Ká jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Ẹni tó lè dá wa láre, ká sì dá ohun olóhun padà.